Àmì Tí Àníkà Kò Pa Rẹ́

                                        14, Hollis House,
                                        Ẹ̀yìn Rye Lane,
                                        Peckham, London.
                                        17 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Yéjídé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn? Sàká àbúrò rẹ àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ dáadáa, àbí o ti fi ìbínú lé àwọn náà sá? Mo gbọ́ pé òjò ti dá díẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, pé àwọn aláṣọ òkè tún ti ta òwú síta. Níbí, ooru mú lọ́dún yìí débi pé àwọn òyìnbó bọ́ra sílẹ̀ ní pápá Peckham Rye, wọ́n sùn kalẹ̀ lọ bíi ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Èmi náà wà, mo ń bá iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó mi lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé bí o ṣe rí ìwé mi yìí, o ti pòṣé. Ó dé etí mi láti ibí. Mo pè ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí. O ti dínà fóònù mọ́ mi, o dínà mọ́ Yusrah ọmọ rẹ, o tún dínà mọ́ Hamid ọkọ rẹ̀, tí kò ṣẹ̀ ọ́ ju pé ó jẹ ọbẹ̀ rẹ ní àjẹpọ́nnulá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn láyé yìí, bóyá ìgbà tí a wà nílé ìwé ni.

O rí i pé mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Sàká ti sọ fún mi nípa ojú rẹ. Má bínú sí i, èmi ni mo fún un lọ́rùn títí ó fi sọ. Ó ní dókítà ojú sọ pé ti ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì náà ń tẹ̀ lé e, bí o tilẹ̀ ń kán oògùn sí i. Yéjídé, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Ẹja tí mo ń dín jóná. Èmi tí a jọ gun òkè Adó lọ wo omi Ìyàkẹ̀, tí a jọ jẹ ẹgba ìyá mi nítorí ẹ̀, ṣé èmi ló yẹ kí n gbọ́ irú èyí lẹ́nu Sàká? Ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo wá sọ.

Mi ò fẹ́ kí ọmọ aládùúgbò kankan bá ọ ka lẹ́tà yìí. Ojú ara rẹ ni kí o fi kà á. Ka díẹ̀, sinmi, kí o tún ka díẹ̀. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o mọ̀, kí n lè dé ibi tí o kò mọ̀.

O mọ̀ pé inú òtútù lo dé, nígbà tí oyún Yusrah ti wọ oṣù rẹ̀. O gbé òrí, o gbé ọṣẹ dúdú, o gbé kàn-ìn-kàn-ìn wá, òórùn òrí gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn kan. Nígbà tí Aishah dé ayé, ìwọ lò ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe wẹ̀ wá. O ń fi omi gbígbóná jó o lórí, o ń na apá, o ń na ẹsẹ̀, o ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí orí wà nísàlẹ̀, o ń jù ú sókè, o ń hán an. Mo wá lọ́jọ́ kan, mo jókòó sórí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo ń wò yín. Yusrah dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó ń jẹ èékánná. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ó rò pé wọ́n fi ìyẹ́ gbé òun sínú omi nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́ ni?

Ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti mọ̀? Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí o fi í ránṣẹ́ sí Aunty Ọláwùnmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ní Deptford. O ṣe é kó lè kàwé, ó sì kà á. Òun ni ọmọ tó ń sọ èèbó bíi pé ó bí ọbabìnrin. Ṣùgbọ́n kò mọ ọwọ́ rẹ, Yéjídé. Ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tó nà á, ọwọ́ tó dì í nírun, ó ti gbàgbé wọn. Lórí fóònù lẹ ti jẹ́ ìyá àti ọmọ láti ìgbà yẹn. Ìgbà tí o dé, àlejò méjì ló pàdé nínú ilé ìwẹ̀ yẹn, tí ẹ jọ ń wo ọmọ kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, bí àwọ̀ ọmọ ṣe ń gbó, ohun dúdú kan tó jọ aró jáde sí ìbàdí rẹ̀, lókè ìdí, bíi pé ẹnì kan ta tàdáwà sí i. Yusrah rí i. Ó ní ọmọ òun ti ṣèṣe. Ó ní pẹ̀lú ojú yín tí kò ríran dáadáa yẹn, ẹ ti fi ẹ̀yìn ọmọ gbá ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ ò sì fẹ́ sọ. O ní rárá, o ní àmì tó gbé wá láti ọ̀run ni, pé irú rẹ̀ wà lára Yusrah náà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Kò gbà. Ó lọ sí ilé oògùn ní Rye Lane, ó ra àníkà.

Àníkà yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpara ni, inú tíúbù ló wà, òdòdó yẹ́lò kan wà lára rẹ̀. O rí i lọ́wọ́ Yusrah, o sì rí tèmi nínú báàgì iṣẹ́ mi, nítorí kò sí ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ àwọn arúgbó kì í gbá mi ní ojúgun. Orí òkè ni òdòdó náà ti ń hù, òun ni wọ́n ń fi ṣe ìpara yẹn. Bí ara bá ṣèṣe tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sábẹ́ awọ, wọ́n á fi pa á, gbogbo ènìyàn níbí ló sì gbà pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó yí, ó ti ń lọ. Tèmi máa ń lọ. Mi ò lè parọ́ mọ́ òdòdó.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn. Oògùn náà dára jù. Yusrah pa á láàárọ̀, ó pa á lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ yí, àmì kò lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ì bá ti rò ó pé bóyá kì í ṣe ìṣèṣe. Ṣùgbọ́n abiyamọ tí kò rí oorun sùn, níbo ni ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀? Ohun tó rò ni pé ti àkọ́kọ́ ti san, pé ẹ tún ti ṣe òmíràn sí i. Ó gba ìwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àmì kò lọ. Ó ní ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ bí òun bá ti sùn. Àníkà kò ṣiṣẹ́, nítorí náà ìyá òun ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó.

Mi ò ní tún gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn sọ. Èyí tí o sọ fún mi náà ni mo mọ̀, pé ó wò ọ́ lójú, ó ní, "Mummy, I swear down, ẹ̀ ń parọ́. Ẹ̀ ń hurt ọmọ mi, ẹ tún ń parọ́." Ẹyin lohùn. O gbé àpótí rẹ wá sílé mi. O jókòó lórí àga mi, o ò sunkún, o kàn ń ká ìborùn rẹ, o ń tú u, o tún ń ká a. O ní, "Àsúmáù, ọmọ tí mo bí pè mí ní òpùrọ́." Mo ní kí n lọ bá a, o ní bí mo bá lọ bẹ ọmọ tí o bí, kí n má pe ara mi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ mọ́. Hamid bá ọ yí ọjọ́ ìrìn àjò padà, o sì lọ. Mo ń wò ọ́ títí o fi wọ àárín èrò ní pápákọ̀ òfuurufú. O ò bojú wẹ̀yìn.

Yéjídé, sinmi níbí. Kán oògùn sójú. Ohun tó kù, o kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí o lọ, Yusrah ò dáwọ́ àníkà dúró. Òun àti ọmọ nìkan ló wà nílé, Hamid wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní láràárọ̀ bí òun bá tú ìlédìí ọmọ, òun á kọ́kọ́ di ojú, òun á ṣàdúrà, kí òun tó wò. Tíúbù kan tán, ó ra òmíràn. Àmì náà jókòó síbẹ̀. Ìwọ ìyá àgbà ti lọ. Kò sí omi gbígbóná, kò sí kàn-ìn-kàn-ìn, kò sí ẹni tó ń ju ẹnikẹ́ni sókè, síbẹ̀ kò lọ.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ẹnì kan tẹ aago ilẹ̀kùn. Yusrah ni. Ó so ọmọ mọ́ àyà, ó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó gbé tíúbù àníkà lé orí àtẹ ẹ̀wà mi. Ó ní, "Aunty, it's still there. Mummy ti lọ, kò lọ." Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ọmọ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ibùsùn, mo tú u wò. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mélòó nínú ọmọ ẹbí wa ni kò gbé irú rẹ̀ wáyé? Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú Yusrah, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú àmì náà dáadáa. Bó bá jẹ́ ìṣèṣe ni, ọmọ ì bá ké. Aishah rẹ́rìn-ín, ó fa gèlè mi tu.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú wọn lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn ọmọ àdúgbò. Obìnrin Jàmáíkà kan ni. Kò tíì wò ó tán tó fi ní àmì ìbí ni, pé lára ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òun ń gbé lọ́wọ́, òun ń rí i lójoojúmọ́, pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é ní nǹkan kan, yóò sì lọ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ohun tí o sọ gan-an ni, ọ̀rọ̀ rẹ ni ó tún sọ. Ó wá bi Yusrah léèrè ìdí tí kò fi gbé ọmọ wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n pè é fún àyẹ̀wò, nítorí bó bá wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí.

Ìgbà yẹn ni Yusrah la ẹnu. Torí ohun tó sọ níbẹ̀ ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀rù ló bà á. Nílùú yìí, bí wọ́n bá rí ojú ìṣèṣe lára ọmọ tí kò tíì lè rákò, wọ́n á pe àwọn káńsù, káńsù á pe ọlọ́pàá. Yusrah dàgbà ní ilé alájà púpọ̀ ní Deptford, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá gbé ọmọ aládùúgbò wọn lọ. Ó sì mọ ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi òun, pé ta ló ń wẹ ọmọ? Ìwọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú. Ìdí nìyẹn tó fi ń wé ọmọ láṣọ tó nípọn nínú ooru. Ó ń fi àníkà pa á tọwọ́tẹsẹ̀ kó lè lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Nígbà tí kò lọ, ó fẹ́ kí o kúrò nílùú yìí kí wọ́n tó rí i. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì náà lójú mi, ó ní, "I thought they'd arrest my mum." Nọ́ọ̀sì na aṣọ ìnujú sí i, kò gbà á, ó kàn jókòó, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ọmọ.

Mi ò ní kí o pe ìyẹn ní ìfẹ́ tó dùn. Ó gbà pé o ṣe é. Ó gbà pé o ń parọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ó ń fi ọ́ pamọ́. Ìbínú àti ìkánjú ló pọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó wá jáde bí ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́ sétí. Mo rò ó títí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ìwọ ni ìyá, ìwọ lo máa mọ̀.

Láti ìgbà yẹn, Yusrah ò gbádùn. Kò jẹun bó ṣe yẹ. Òun ló ń wẹ ọmọ báyìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń rọra ṣe é bíi pé ẹyin ló gbé lọ́wọ́, ó sì ń sunkún bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Kàn-ìn-kàn-ìn rẹ ṣì wà lára ìṣó nínú ilé ìwẹ̀ wọn. Ó ti gbẹ gan. Hamid fẹ́ gbé e kúrò, Yusrah ní kó má fọwọ́ kàn án.

Mo ní kí n mú un jáde kó lè gba atẹ́gùn. Ó ní òun fẹ́ rí àníkà. Ọgbà ńlá kan wà lórí òkè ní Forest Hill, tí wọ́n gbin ewé oògùn sí apá kan nínú rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì lọ. Yéjídé, pẹ̀lú gbogbo ohun tí nǹkan yìí ti bà jẹ́, mo rò pé igi ńlá la máa bá. Àṣé kò ju ìdajì ẹsẹ̀ mi lọ! Ó jọ yúnyun ẹ̀bá ọ̀nà oko wa, èyí tí a máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì tanná, àwọn yòókù ti rọ. Obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà sọ fún wa pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀ níbí. Ó ní ẹbí rẹ̀ pọ̀ lọ súà lórí àwọn òkè Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, tí kò lọ́ràá. Bí wọ́n bá fi ajílẹ̀ sí i níbí kó lè ṣe dáadáa, ṣe ló máa ń kú. Mo ní mo mọ àwọn èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Yusrah ò rẹ́rìn-ín.

Ó kúnlẹ̀ síwájú òdòdó náà, ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Ó ní, "Aunty, oògùn yẹn ṣiṣẹ́ o. Kò kàn sí nǹkan tó fẹ́ wò ni. And I put it on Mummy." Ó jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́. Aishah ń jẹ etí híjáábù rẹ̀ ní tiẹ̀. Èmi náà jókòó tì í, mo sunkún. Àwọn tó ń fa ajá kọjá wò wá, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó fẹ́ gbé Aishah wá sí Ìsẹ́yìn nínú oṣù Kejìlá. Sàká sọ fún un pé o ní bó bá dé, wàá ti ilẹ̀kùn, wàá gba mọ́ṣáláṣí lọ. Mo mọ̀ ọ́, o lè ṣe é. Mi ò ní pa òwe fún ọ púpọ̀, o gbọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi gan-an nìyí. Àmì náà ti ń ṣí. Etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ti ń jọ awọ ara yòókù, nọ́ọ̀sì sì ní ti àwọn ọmọ mìíràn máa ń tètè lọ. Mo ti fi ọwọ́ pa á títí. Ó dán, kò wú, kò le, ọwọ́ kò lè mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ojú nìkan ló ń rí i. Bó bá lọ tán, tàbí bí ojú rẹ bá ṣáájú rẹ̀ lọ, a ó máa sọ fún ọ pé òótọ́ lo sọ, ìwọ á sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu wa ni. Kò tó. O yẹ kí o rí i.

Bá mi kí Sàká àti ìyàwó rẹ̀, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúà wa gbogbo, pàápàá àwọn tó ṣì ń rántí orúkọ mi. Hamid ní kí n kí ọ, ó ní láti ìgbà tí o ti lọ, ata ilé àwọn kò ta mọ́. Aunty Ọláwùnmí kí ọ láti Deptford. Yusrah ò rán mi ní kíkí kankan. Ó ní òun ò ní ẹnu.

Fọ́tò kan wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yìn Aishah ni. Yusrah ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ dáadáa fún òun. Gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti là, kí o fi ojú òsì wò ó. Bí o bá rí àmì náà, sọ fún Sàká kó sọ fún wa pé o rí i. Kò di dandan kí o sọ nǹkan mìíràn.

Èmi ni tìrẹ láti orí òkè Adó wá,
Àsúmáù.